Lórí "arínúróde" fún ẹ̀rọ tó ń yẹ kókó inú ìfun wò

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan gbé wá lánàá, pé kí á máa pe ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń bá dókítà wo kókó inú ìfun ńlá ní "arínúróde". Oríkì Ọlọ́run ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. A-rí-inú-rí-òde: rí méjì, mọ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà kò fi Arínúróde mọ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi Olùmọ̀ràn-ọkàn tì í. Bí rírí bá tó, kí ni wọ́n tún ń wá mímọ̀ fún?

Ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, ọ̀nà méjì ló pín sí. Bí dókítà bá ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí wọ ìfun, ọ̀kan á máa ṣọ́ àwòrán. Irú rẹ̀ ni GI Genius tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Ibi tó bá fura sí, á fi àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ ewé yí i ká, á sì dún díẹ̀. FDA sọ ọ́ kedere pé kì í sọ irú kókó tó jẹ́, kò sì rọ́pò ilé àyẹ̀wò. Ẹ pe ìyẹn ní aríkókó, mo gbà.

Èkejì ni ìjà wà lórí rẹ̀. Òun ló ń sọ pé èyí adẹ́nómà ni, irú kókó tó lè di jẹjẹrẹ. Á sì sọ pé tọ̀hún kì í ṣe adẹ́nómà. Láti 2011 ni ASGE, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun, ti là á sílẹ̀: kí á tó fi kókó tí kò ju mílímítà 5 lọ sílẹ̀ láìgé ní ìsàlẹ̀ ìfun, bí a bá ní kì í ṣe adẹ́nómà, ó kéré tán ìgbà 90 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣé iṣẹ́ ojú lásán nìyẹn? Dá mọ̀ ni, ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, ẹ jẹ́ kí orúkọ bọ́ sáàárín rẹ̀: adákókómọ̀. Ẹni tó ní "adájọ́kókó" ti kọjá àyè rẹ̀, dókítà ló ń dájọ́.

Ẹ sì jọ̀wọ́, kókó, àmì òkè méjì! Kòkó kọ́, kòkò kọ́. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà kì í gba iṣẹ́ tí kò lámì lọ́wọ́ wa, ó sì tọ̀nà.

Ní ti ẹni tó fẹ́ kí á pe kókó yìí ní "jẹjẹrẹ kékeré", èmi kò ní gbà láéláé. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í di jẹjẹrẹ, orúkọ yẹn á kàn kó ìpayà bá aláìsàn ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju adákókómọ̀ lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kí mọ̀ wà nínú rẹ̀.