Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kì í ṣe olùrànlọ́wọ́: lórí ọ̀rọ̀ ẹnubodè pọ̀táṣíọ̀mù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ti ka àbá tí Ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ lórí ọ̀nà tí áyọ́ọ̀nù pọ̀táṣíọ̀mù (átọ́ọ̀mù pọ̀táṣíọ̀mù tó ní iná lára) ń gbà wọlé àti jáde lára sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ká máa pe ọ̀nà náà ní "ihò káún", ká máa pe àwọn purotéènì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní "purotéènì olùrànlọ́wọ́", kí ohun tí oògùn ń ṣe sí i sì máa jẹ́ "dènà". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má bínú sí mi, mi ò lè fara mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó ká mi lára jù ni "olùrànlọ́wọ́".

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú káún kúrò lọ́nà. Òótọ́ ni pé pọ́táàṣì ni wọ́n ń pe káún lọ́jà tí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ káún tí a fi ń se ewédú, tí a fi ń mú kí ẹ̀wà tètè rọ̀, sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Inú eérú ni pọ̀táṣíọ̀mù wà. Nígbà tí ìyá mi àgbà bá fẹ́ ṣe ọṣẹ dúdú, èèpo kòkó gbígbẹ ni wọ́n máa ń sun. Wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu nídìí, wọ́n á rọra máa bu omi lé e, omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Tó bá kán sí ọ lọ́wọ́, á máa yọ̀ bọ̀rọ́. Omi yẹn ló kún fún pọ̀táṣíọ̀mù. Orúkọ pọ̀táṣíọ̀mù pàápàá, láti inú eérú ìkòkò ló ti wá lédè àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí àṣìṣe yìí fi wúwo ni pé gbogbo iṣẹ́ ìyanu ọ̀nà yìí ni pé ó ń dá sódíọ̀mù padà. Pọ̀táṣíọ̀mù tóbi ju sódíọ̀mù lọ, síbẹ̀ òun ló ń kọjá. Ní 1998, Roderick MacKinnon àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ìrísí ọ̀kan lára irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ hàn, èyí tó wà lára bakitéríà kan, wọ́n sì fún MacKinnon ní ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Ibi tó fún jù nínú rẹ̀ ní átọ́ọ̀mù ọ́síjìn tí wọ́n tò bíi pé wọ́n wọn pọ̀táṣíọ̀mù kí wọ́n tó gbẹ́ ibẹ̀. Sódíọ̀mù kéré, ara rẹ̀ kò kan ògiri méjèèjì, kò rí ohun tó máa dì mú. Tí a bá wá pe ọ̀nà náà ní "ihò káún", orúkọ ẹni tí wọ́n lé padà la fi sọ ọ́.

"Ihò" náà kò tó. Ihò kì í ṣí, kì í tì. Eku tó bá wù ú kó wọlé ni. Ẹnubodè ni mo fẹ́. Àbúrò wa kan sọ pé ẹnubodè á mú àwọn èèyàn ronú kan Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn aṣọ́bodè. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ronú kàn gan-an nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń wo ojú ẹni kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá.

Ó wá ku "olùrànlọ́wọ́". Ẹ wo ẹnubodè KATP, tí Akinori Noma kọ́kọ́ rí lára iṣan ọkàn ní 1983, tó sì tún wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Purotéènì mẹ́jọ ló para pọ̀ di í. Mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ́ Kir6.2 ló yí ojú ọ̀nà ká. Nínú sẹ́ẹ̀lì ínsúlínì, SUR1 ni mẹ́rin yòókù, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kir6.2 nìkan kò lè dé ara sẹ́ẹ̀lì. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n máa ń dá a dúró sí títí SUR1 á fi bá a rìn. Tí wọ́n bá dé ojúṣẹ́, ATP, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba agbára, á kan Kir6.2, ẹnubodè á tì. ADP, ohun tí ATP ń dà tí wọ́n bá ti lo agbára rẹ̀, pẹ̀lú magnẹ́síọ̀mù á kan SUR1, á ṣí. Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Daonil, á kan SUR1 kan náà, á tì. Diazoxide, oògùn mìíràn, á kàn án, á ṣí. Mo wá bi yín: ta ni SUR1 ń ràn lọ́wọ́, láti ṣe kí ni? Lédè wa, ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́, ohun tó ń wá ni a bá a wá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn ọmọ ọwọ́ kan wà tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ láti kékeré torí pé Kir6.2 wọn lábùkù, kò gbọ́ràn sí ATP mọ́. Ẹnubodè wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ínsúlínì kò jáde. Ọdún 2004 ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Nígbà tó di 2006, ìròyìn jáde pé wọ́n fún aláìsàn 49 lára irú wọn ní oògùn tó jẹ́ ìbátan Daonil, 44 nínú wọn sì bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Olórí kò gbọ́ mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìránṣẹ́ gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rí gómìnà mọ ẹni tó yẹ kóun kọ́kọ́ lọ bá. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ náà ni SUR1 wà.

Àwọn kan ní ká sọ pé "alárinà". Ó dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ purotéènì mìíràn, KCNE1, bà á jẹ́. KCNE1 kò jẹ́ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè pọ̀táṣíọ̀mù KCNQ1 nínú ọkàn, ó ń mú kó máa rọra ṣí, kí ohun tó ń gbabẹ̀ kọjá sì pọ̀ sí i. Láti 1988 tí wọ́n ti rí i nínú àdánwò tí wọ́n fi ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ṣe, ọ̀pọ̀ rò pé òun gan-an ni ẹnubodè. Ọdún 1996 ló tó hàn pé ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ní KCNQ1 tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni KCNE1 lọ bá níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kábíyèsí.

Ní ti "dènà", ìyá mi ló là mí lójú. Mò ń ṣàlàyé Daonil tí wọ́n ń lò fún wọn, mo ní ó ń dènà pọ̀táṣíọ̀mù. Wọ́n ní, "Ṣé ó dí ibẹ̀ ni, àbí ó tì í?" Mo dákẹ́. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí nìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì gbà nínú èdè wa. Daonil kò sí lójú ọ̀nà. Ara SUR1 ló wà, tó ti ń mú kí ẹnubodè tì. Halofantrine, oògùn ibà tí a mọ̀ sí Halfan, ń wọ inú ẹnubodè pọ̀táṣíọ̀mù mìíràn, hERG, tó wà nínú ọkàn lọ, á jókòó sí ojú ọ̀nà gan-an. Ìyẹn dí i. Ohun tó sì mú kí oògùn náà léwu fún ọkàn àwọn kan nìyẹn. "Dènà" da méjèèjì pọ̀.

Bí èmi á ṣe kọ ọ́ nìyí: "Daonil á lẹ̀ mọ́ SUR1, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè pọ̀táṣíọ̀mù, ẹnubodè á tì, pọ̀táṣíọ̀mù á há sínú sẹ́ẹ̀lì, ẹnubodè kálísíọ̀mù á ṣí, kálísíọ̀mù á wọlé, ínsúlínì á jáde." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín pẹ̀lú "olùrànlọ́wọ́" àti "dènà", kí ẹ ka méjèèjì sókè fún ẹnì kan nílé tó ń lo oògùn náà, kí ẹ wá sọ fún wa èyí tó yé wọn.