Ṣé kí n fi ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà sílẹ̀ kí n tẹ̀lé olórin lọ lu ìlù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìgbọ̀nà kọ pé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Òṣogbo ni mo wà, lápá Ìgbọ̀nà. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ni mo kọ́, mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù, mo sì ti ń dá gba iṣẹ́. Àmọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé ìdí ìlù òyìnbó ni ọkàn mi wà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́ ọ, mo sì máa ń bá àwọn báńdì lọ òde ní Sátidé.

Olórin ẹ̀mí kan láti Èkó wá ṣe ètò ní Òkè-Fìà láìpẹ́ yìí. Onílù rẹ̀ ò rí ọ̀nà wá, ni wọ́n bá ní kí n bá àwọn jókòó sí i. Nígbà tí a parí, ẹni tó ń darí báńdì wọn gba nọ́ńbà mi. Ó ti pè mí báyìí. Wọ́n fẹ́ kọrin yí ká ìpínlẹ̀ mélòó kan, wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ London, ó sì ní àwọn á máa lò mí ní sítúdíò. Mo béèrè owó, ó ní ká kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà ná, Ọlọ́run á pèsè.

Bàbá mi ní ìdílé wa kì í ṣe ìdílé Àyàn, pé ta ló rán mi níṣẹ́ ìlù. Ọ̀rẹ́ mi ní tí n bá jẹ́ kó bọ́, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyàwó Onílù dáhùn:

Àbúrò mi, èmi ò lu ìlù, onílù ni mo fẹ́. Tó bá di oṣù Kejìlá, owó á máa wọlé, kódà a máa ń kọ òde míì sílẹ̀. Tí ààwẹ̀ bá wọlé, gbogbo Òṣogbo á pa lọ́lọ́, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsọmọlórúkọ tó nílò báńdì. Owó ilé ìwé ọmọ ò sì mọ ààwẹ̀. Má ta ayùn rẹ o. Má ta òòlù. Lọ lu ìlù rẹ, kó o padà wá kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ń ka ohun tí mò ń kọ yìí, ó ń fojú burúkú wò mí.

Ọmọ Alékúwodò dáhùn:

Sítúdíò wo ló ṣì ń wá onílù? Kọ̀ǹpútà ló ń lu gbogbo ẹ̀ báyìí. Wọ́n fẹ́ lò ẹ́ lásán ni.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Baálẹ̀ dáhùn:

Ọmọ Ìgbọ̀nà, iṣẹ́ tí mò ń jẹ lo béèrè yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Mo ti jókòó sídìí ìlù fún olórin jùjú, fún àwọn akọrin ẹ̀mí, fún àwọn ọmọ tàkasúfèé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé báńdì dùn ún wò lórí ìtàgé ju ẹnì kan tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi “Ọlọ́run á pèsè” bẹ̀rẹ̀. Àmín. Ṣùgbọ́n olórin náà ló máa sanwó. Ìwọ kì í ṣe ọmọ ilé nínú báńdì yẹn, alágbàṣe ni ẹ́. Ọmọ ilé lè fara da kí wọ́n jẹ ẹ́ lówó di oṣù tó ń bọ̀, ó mọ̀ pé àwọn á ṣì jọ wà níbẹ̀. Alágbàṣe, bí òde bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Nítorí náà, dá iye lé ọjọ́ ìdánrawò, dá iye lé ọjọ́ tí ẹ máa fi wà lójú ọ̀nà, kó o tó dá iye lé ọjọ́ òde gan-an. Ọjọ́ òde nìkan ni ọ̀pọ̀ mánéjà máa ń kà. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá gbéra láti Òṣogbo lọ sí Port Harcourt, ilẹ̀ á ṣú bá ẹ nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó fẹ́ kó o kan àga fún òun á sì ti gbé igi lọ fún ẹlòmíì.

Gba àsansílẹ̀ kó o tó wọkọ̀. Bèèrè ẹni tó máa san owó òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Tí wọ́n bá fagi lé òde nígbà tí ẹ ti débẹ̀ ńkọ́? Owó tí àwọn èèyàn bá ná lórí ìtàgé ńkọ́, ṣé ti olórin nìkan ni àbí ẹ máa pín in? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí òru ni wọ́n máa ń pín in, nígbà tó ti rẹ gbogbo yín. Mo bá olórin kan lọ òde lókè Ọya, a ṣa owó náà kún báàgì, báàgì wọ mọ́tò olórin, mọ́tò gbéra. Títí di òní, n kò fojú kan báàgì yẹn mọ́. Mi ò ní dárúkọ o.

Àmọ́ owó òde kọ́ ni ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Orúkọ ni. Orúkọ olórin ló wà lára pátákó, orúkọ rẹ ò ní sí níbẹ̀, kò sì yẹ kó bí ẹ nínú. Ṣùgbọ́n kó wà nínú ìwé. Clyde Stubblefield lu ìlù fún James Brown, olórin Amẹ́ríkà. Ní 1969, ó lu ìwọ̀nba ìlù kan nínú sítúdíò tí àwọn olórin kárí ayé wá ń gé lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orin tiwọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin hip-hop ni wọ́n gbé e sí. Orúkọ rẹ̀ ò sí lára àwọn tó kọ orin náà, nítorí bẹ́ẹ̀ owó gidi ò dé ọwọ́ rẹ̀ lórí gbogbo gígé yẹn títí ó fi kú ní 2017. Ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo ayé ń gbọ́ o.

Wá wo Tony Allen tiwa. Ọdún 1964 ló dé ọ̀dọ̀ Fẹlá. Ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ kì í pariwo bo olórin. Ní 1975, nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn Fẹlá, ó ti ṣe àwo tó ní orúkọ tirẹ̀ lára. Nígbà tó kúrò ní 1979, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ni ọ́. Paris ló padà fi ṣe ilé, ibẹ̀ ló kú sí ní 2020, ó sì ń bá àwọn ọmọdé olórin ṣiṣẹ́ títí di ìgbà yẹn.

Tí wọ́n bá gbà ẹ́ wọ sítúdíò, kó o tó jáde, kọ orúkọ orin náà, ọjọ́, orúkọ rẹ bó ṣe wà nínú káàdì ìdánimọ̀ rẹ, àti ohun tó o lù sílẹ̀. Jẹ́ kí prodúsà fọwọ́ sí i. Fi fóònù yà á. Òfin Copyright wa ti 2022 mọ ẹni tó kópa nínú orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́, kì í ṣe ẹni tó kọ orin nìkan. Ní London, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní PPL ń gba owó lọ́wọ́ àwọn rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó bá gbé orin sáfẹ́fẹ́, onílù alágbàṣe sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀ bí orin náà bá kún ojú òṣùwọ̀n wọn, tí orúkọ onílù sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó kópa. Tí orúkọ bá ti wà níbẹ̀ bí “Small” tàbí “Bọ̀dá Drummer”, ta ni wọ́n fẹ́ sanwó fún?

Bàbá rẹ, lọ bá wọn jókòó pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Baba tó bá rí iye owó àti déètì lórí bébà á rọ̀ díẹ̀.

Ọmọ Ìgbọ̀nà kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ti sítúdíò gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé òótọ́ ni ohun tí Ọmọ Alékúwodò sọ? Báwo ló ṣe máa ń rí níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Baálẹ̀ dáhùn:

Kò parọ́ tán. Ọ̀pọ̀ orin ni kọ̀ǹpútà ń lù. Àmọ́ iṣẹ́ tí mò ń gbà jù báyìí, kọ̀ǹpútà á ti lu kick, ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù, sílẹ̀, wọ́n á wá pè mí kí n fi ọwọ́ èèyàn sí hi-hat (páánù méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀) àti snare (ìlù pẹlẹbẹ tó wà níwájú onílù) lórí rẹ̀, torí prodúsà fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ọ pé orin náà gan.

Yàrá kékeré ni èyí tí mo sábà máa ń lọ nílùú wa níbí, lókè ṣọ́ọ̀bù kan. Fóòmù ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, wọ́n fi kúbùsù nípọn bo fèrèsé. Tí iná bá lọ, a máa dúró ni, torí maikirofóònù máa ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ju bí etí ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Snare ni mo máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Mo á fi kọ́kọ́rọ́ ìlù yí síkúrù apá ọ̀tún díẹ̀, mo á yí èyí tó kọjú sí i lápá òsì, mo á máa lọ bẹ́ẹ̀ yí ká, mo á fi ọ̀pá kan awọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkúrù kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn á fi dún bákan náà. Tó bá ṣì ń hó, tí ohùn rẹ̀ ò tètè kú, mo á ya tíṣù, mo á ká a kó kéré, mo á fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí awọ. Ohùn á jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ìtàgé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ní sítúdíò, ohun tó máa gba ọ̀sán ẹ nìyẹn.

Wọ́n á wá fi click sí ẹ létí, ìyẹn ìró tó ń ka ìwọ̀n orin láìyẹsẹ̀. Òun ló máa tú ẹ fó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ̀mí bá gbé yín, ẹ ń sáré, ìjọ á bá yín sáré, ó tán. Click ò ní ẹ̀mí kankan. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi í dánra wò láti òní, fi sórí fóònù, kó o sì lu orin tó lọ́ra. Orin kíákíá rọrùn, èyí tó lọ́ra ló máa ń fi onílù hàn. Má sì lu gbogbo cymbal, àwọn páánù ìlù tó wà níwájú rẹ. Akọrin fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Onígángan Ẹrin dáhùn:

Mo kí ẹ̀gbọ́n. Ẹrin-Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ̀yìn Òṣogbo níbí, ìdílé Àyàn ni wa. Bàbá rẹ ò burú, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ gbéra láti Òṣogbo yìí, ó di Berlin ní 1964. Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun, Ẹrin wa níbí ni wọ́n ti gbé bàtá àti dùndún dé ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Síkírù Adépọ̀jù lu gángan nínú àwo Mickey Hart, onílù Amẹ́ríkà, tó gba Grammy. Ìlù ń gbé èèyàn rìn ní ilẹ̀ Yorùbá, bí Àyàn bí ẹni tí kì í ṣe Àyàn.

Ti London yẹn ni mo fẹ́ fi kún. Bèèrè irú físà tí wọ́n fẹ́ gbà kó o tó fi páásípọ́ọ̀tù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí ẹnì kan bá ní “ẹ sọ pé ẹ ń lọ kí ẹ̀gbọ́n yín ni”, jókòó sílé. Lẹ́tà ìpè tó sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe gbọ́dọ̀ wà. Ti Amẹ́ríkà, ẹni tó pè yín lọ́hùn-ún ló máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìjọba wọn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ máa tó dé ẹ́ńbásì. Físà tí wọ́n ń pè ní P-3 ni wọ́n máa ń fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ àṣà ìbílẹ̀. Ẹ̀yin onílù òyìnbó tiẹ̀ ní àǹfààní kan, ẹ máa bá ìlù lọ́hùn-ún, ọ̀pá àti snare nìkan lẹ máa gbé. Tiwa, awọ ewúrẹ́ ni, aṣọ́bodè á tú u wò, òtútù wọn á sì mú kó dẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ìyàwó Onílù dáhùn:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò sọ̀rọ̀ etí. Etí ọ̀tún ọkọ mi ò gbọ́ dáadáa mọ́. Tí mo bá pè é láti kíṣìnnì, mo mọ̀ pé kì í ṣe àìgbọràn.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Baálẹ̀ dáhùn:

Ìyàwó wa, òótọ́ lẹ sọ. Àwọn tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ariwo tó bá tó décibel 85 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, bó bá sì ti fi 3 lé sí i, kí wákàtí dín sí ìdajì. Ẹ bá a ṣírò dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ìlù òyìnbó ń kọjá 100 láìlágídí. Ọmọ Ìgbọ̀nà, ra ohun tí àwọn olórin fi ń dí etí, kì í ṣe òwú. Òwú kò dí ariwo tó.

Ọmọ Ìgbọ̀nà kọ pé:

Mo ti pe mánéjà náà. Mo ní kó fi iye owó ọjọ́ ìdánrawò, ti ọ̀nà àti ti òde ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kó sì kọ àsansílẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní “ẹ̀yin ará Òṣogbo yìí!” Nígbà tó ṣe, ó fi ránṣẹ́. Ti ọ̀nà kéré, mo ti ní kó fi kún un. Ti físà, ó ní òun máa bi àwọn tó ń pè wọ́n. Bàbá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ta ni yóò wá parí kọ́bọ́ọ̀dù Alhaja tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí wọ́n fi ń dí etí yẹn wà ní Òṣogbo níbí àbí Ìbàdàn ni mo ti máa rí i?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Baálẹ̀ dáhùn:

Èkó ni mo ti ra tèmi. Mo ní ọ̀kan tí mi ò tíì lò, yà sí Òkè-Baálẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Parí kọ́bọ́ọ̀dù Alhaja kó o tó wá.