Àyọkà lórí Mercedes-Benz S-Class lédè Yorùbá: kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi kún un?

Akọ̀wé Ọlá-Ìyá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Òṣogbo. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé nítòsí Ọlá-Ìyá láti kọ àyọkà sínú ìwé ìmọ̀ kan tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni àyọkà lórí Mercedes-Benz S-Class. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ mẹ́ta péré ló ní, ìyìn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "S-Class ni ọba gbogbo ọkọ̀ láyé, kò sí ọlọ́lá tí kì í wù." Lẹ́yìn náà ó ní ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, àti pé láti ọdún náà ló ti ní bíréèkì ABS àti àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tó ń wú nígbà ìjàǹbá. Ìpínrọ̀ kẹta sọ iye tí wọ́n ń ta Tòkunbọ̀ rẹ̀. Mo ti yọ ìyẹn, nítorí pé iye ọjà ọdún yìí kì í ṣe ti ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni bí mo ṣe máa to ìtàn rẹ̀. S-Class kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìran méje ni, láti W116 ti ọdún 1972 títí dé W223 tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, bí mo bá sì da gbogbo wọn pọ̀, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá. Bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ fún púpọ̀ nínú ohun tó wà lára ọkọ̀ náà. Mo tún ní àwòrán kan tí mo yà ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Òkè-Fíà, Mẹ̀sí dúdú kan tó ní nọ́ńbà 300 lẹ́yìn, àmọ́ tí lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà náà ti jábọ́. Mo fẹ́ fi í ṣe àwòrán W126, kí àwọn tó ń kà á lè rí i pé ọkọ̀ yìí wà láàrin wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Òkè-Báálẹ̀

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ohun tí o dáwọ́ lé yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an, nítorí pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún Mẹ̀sí ṣe ní Òṣogbo yìí, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti fi èdè wa ṣàlàyé ọkọ̀ náà bó ṣe yẹ. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ABS, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wúwo jù wà.

Òótọ́ ni pé W116 jáde ní 1972, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi orúkọ S-Class pè ní gbangba, ṣùgbọ́n kò ní ABS nígbà náà. Ọdún 1978 ni Mercedes-Benz àti Bosch gbé e jáde fún un, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ ní láti fi owó kún owó ọkọ̀ kí wọ́n tó bá a fi sí i. Má kàn dárúkọ ABS kí o sì kọjá. Sọ ohun tó ń ṣe. Bí òjò bá rọ̀, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì lórí títì ọlọ́dà, táyà lè há pátápátá, kí ọkọ̀ wá máa yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn sí ọ̀tún nígbà náà, iwájú náà ni ọkọ̀ yóò máa lọ, nítorí pé táyà tí kò yí kò lè darí ọkọ̀. ABS ní ohun kékeré kan tó ń ṣọ́ bí táyà ṣe ń yí. Bó bá ti rí i pé ọ̀kan fẹ́ há, á dín agbára bíréèkì kù lára rẹ̀, á sì tún dá a padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, kí táyà má baà dúró gbagidi, kí awakọ̀ sì lè yà fún ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì fi máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn oníbàárà ti gbé ọkọ̀ wá bá mi rí pé bíréèkì ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ABS ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí àyọkà rẹ bá lè jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo mọ èyí, kí ó má baà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì nígbà tó bá gbọ̀n, o ti ṣe ohun ńlá.

Àpò afẹ́fẹ́ náà kò bá ọdún 1972 rìn. W126, tó jáde ní 1979, ló gbà á. Ọdún 1981 ló dé ọwọ́ àwọn oníbàárà, ti awakọ̀ nìkan ló sì kọ́kọ́ jẹ́, tí wọ́n ká a sínú sítíárìn.

Nípa àwòrán rẹ, fara balẹ̀. Nọ́ńbà 300 nìkan kò tó. 300 SE ni W126, 300 E ni W124, èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-boot. V-boot kì í ṣe S-Class rárá. Inú ìdílé tí wọ́n ń pè ní E-Class láti ọdún 1993 ló wà. Ẹ́ńjìnnì M103 onísìlíńdà mẹ́fà kan náà ló wà nínú méjèèjì, nítorí náà bí o bá tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì kò ní yanjú ọ̀rọ̀ náà fún ọ. Nọ́ńbà ṣásísì ni kí o kà. Lẹ́yìn lẹ́tà WDB, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni yóò sọ ìran tí ọkọ̀ náà jẹ́: 126 ni S-Class tí ò ń wá, 124 ni V-boot.

Ìyá Olùkọ́ Ìgbọ̀nà

Mo kí ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀gá mẹkáníìkì ti sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ti èdè, nítorí pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, oríkì ni. N kò ní kí a má ki ohun tó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ki Ọ̀ṣun létí odò kò sọ fún wa bí odò náà ṣe gùn tó. Ẹni tó wá sínú ìwé ìmọ̀ fẹ́ mọ ohun tí S-Class jẹ́, ẹni tó ń ṣe é, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ bá ti sọ ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ bóyá ọba ni tàbí ìjòyè.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o lò ni "ọkọ̀ bọ̀gìnnì". Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìgboro ni, wọn yóò sì ní kí o kọ "ọkọ̀ olówó ńlá", ṣùgbọ́n tírélà náà jẹ́ ọkọ̀ olówó ńlá, kò sì sí ẹni tó máa pè é ní bọ̀gìnnì. Ọ̀rọ̀ yẹn gbé owó, ẹwà àti ìrọ̀rùn dání lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn. Jọ̀wọ́, ya "ìran" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ̀yà" jákèjádò àyọkà náà: ìran ni W126, ẹ̀yà ni 280 SE àti 500 SEL tó wà nínú ìran náà. Fi ABS sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àlàyé ọ̀gá tẹ̀lé e. N kò rí ìdí tí a ó fi máa wá orúkọ tuntun fún ohun tí gbogbo mẹkáníìkì ti ń pè ní ABS.

Àwọn lẹ́tà náà yẹ fún ìpínrọ̀ tiwọn, torí pé àwọn ló ń da ènìyàn rú jù. Èdè Jámánì ni wọ́n. S dúró fún Sonderklasse, èyí tí a lè pè ní ìpele àrà ọ̀tọ̀. E dúró fún Einspritzung, ìyẹn ni pé ṣe ni ẹ̀rọ ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì dípò kábúrétọ̀. L ni lang, gígùn, torí pé wọ́n fa ọkọ̀ náà gùn kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè na ẹsẹ̀. Nítorí náà 280 S, 280 SE àti 280 SEL lè jẹ́ ọmọ ìran kan náà. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà padà, tí lẹ́tà wá ṣáájú nọ́ńbà, bíi S 320. Kìlọ̀ fún òǹkàwé pẹ̀lú pé nọ́ńbà kì í fi gbogbo ìgbà sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó: 450 SEL 6.9, tí wọ́n ṣe 7,380 péré nínú rẹ̀ láàrin ọdún 1975 sí 1980, kì í ṣe lítà 4.5 bí orúkọ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, orí nọ́ńbà ìparí ni òótọ́ wà.

Ó ku ohun kan tó nira fún mi láti sọ. Ọ̀gá, ohun tí ojú yín ti rí fún ọgbọ̀n ọdún kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí nínú ìwé ìmọ̀, bó ti wù kí ó jẹ́ òótọ́ tó, nítorí pé òǹkàwé kò lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó lè ṣe ni kí ó fi hàn wá ibi tí a ti máa wá ẹ̀rí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ó sì dájú pé ẹnì kan yóò fẹ́ fi kún àyọkà náà pé Mẹ̀sí ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, àti pé ọkọ̀ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Onikan, l'Ékòó. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í ṣe S-Class, inú àyọkà mìíràn ló yẹ kó wà.

Awakọ̀ Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo wa W140 fún ọ̀gá mi kan fún ọdún mẹ́fà, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí ẹ má fi gbólóhùn kan kọjá lára ìran yẹn. Ọdún 1991 ni wọ́n fi hàn níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva, gíláàsì onípele méjì ló sì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a bá gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba kọjá lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, tí a sì ti gíláàsì, ohùn ọ̀gá mi tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ni mo máa ń gbọ́, kì í ṣe ti ọjà. Ìran yẹn náà ló gbé ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjìlá wá, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí Mercedes-Benz fi sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ẹ sì má fi àléébù rẹ̀ pamọ́: ó tóbi, ó wúwo, wọ́n sì bá ilé iṣẹ́ náà wí nítorí ìyẹn ní Jámánì, tó fi jẹ́ pé W220 tó rọ́pò rẹ̀ ní 1998 fúyẹ́ jù ú lọ. Lára ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe láti ara W140 ni ESP ti kọ́kọ́ jáde ní 1995, ìyẹn ètò tó ń fa bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà.

Fún W221 àti W222, gbólóhùn mélòó kan tó. Ẹ lè sọ pé ìran W221 ló ní S 400 Hybrid ti ọdún 2009, tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀, tí bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ lithium-ion, àti pé W222 ti ọdún 2013 kò ní gílóòbù oníwáyà kankan lára, LED ni gbogbo iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìpínrọ̀ kan síwájú W116 fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀, pàápàá W111 ti ọdún 1959, nítorí pé lára rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo iṣẹ́ Béla Barényi, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà, tó ní kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa rún nígbà ìjàǹbá, kí àárín tí ènìyàn wà má baà rún.

Akọ̀wé Ọlá-Ìyá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà sí ọgbà náà lánàá, ẹni tó ni ọkọ̀ sì gbà mí láyè láti ka nọ́ńbà ṣásísì rẹ̀. 124 ló tẹ̀lé WDB. Mo ti yọ àwòrán náà kúrò, mo sì ti gbé e lọ sínú àyọkà W124, lẹ́yìn tí mo bo nọ́ńbà ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ tuntun tí mo kọ nìyí: "Mercedes-Benz S-Class jẹ́ ọ̀wọ́ ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz ti orílẹ̀-èdè Jámánì ń ṣe ní Sindelfingen, nítòsí Stuttgart. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe ọkọ̀ kan, ìyẹn ìran W116, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà S ti wà lára àwọn ọkọ̀ ńlá ilé iṣẹ́ náà ṣáájú ìgbà náà. Láti ọdún 1978 ni gbogbo S-Class ti ní bíréèkì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há."

Mo ti pín ìyókù sí ìran-ìran, ti W140 ló sì gùn jù báyìí. Mo ti yọ "ọba". Àmọ́ W126 kò ní àwòrán.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Òkè-Báálẹ̀

Ó dára, àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o yọ: "gbogbo". Ní 1978, ẹni tó sanwó rẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Kọ ọ́ báyìí pé "láti ọdún 1978 ni oníbàárà ti lè ra S-Class tó ní ABS." Ohun tí ìyá olùkọ́ wa sọ nípa ẹ̀rí kò dùn mí, àwọn ìwé àtúnṣe W126 tí wọ́n tẹ̀ jáde wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí o wá ka ojú ìwé tí o bá fẹ́ tọ́ka sí.

Ní ti àwòrán, oníbàárà mi kan ń gbé 280 SE bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo sì ti ka nọ́ńbà ṣásísì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, 126 ni. Màá bá ọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Tètè dé kí n tó tú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí o lè rí i ní odidi.