Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé ní báńdì, orin wo ló dójú tì yín rí?

Tíṣà Ìgbógbò
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní báńdì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí ní Ìgbógbò. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń yan orin fún wọn ló gbé mi wá. Nígbà ìkórè tó kọjá, mo ṣí ìwé orin, mo mú orin kan tí gbogbo ìjọ mọ̀, mo ní kí àwọn tó ń fọn trumpet ka nóòtì ohùn òkè bó ṣe wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìkórè, oníkíbọ́ọ̀dù ṣíde, àwọn ọmọ mi wọlé tẹ̀lé e, ó wá dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ méjì ń jà nínú àgbá. B-flat ni gbogbo trumpet wa. Tí ọmọ bá fọn C, B-flat tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń dún létí kíbọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ ọ́n o! Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, àwa nìkan la máa ń wà nínú yàrá, kò sí kíbọ́ọ̀dù nítòsí, mo gbàgbé pátápátá. Ní ẹsẹ kẹta ni oníkíbọ́ọ̀dù tẹ bọ́tìnì transpose, èyí tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè sódò, wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sín.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín. Èwo lẹ yàn tí ẹ kábàámọ̀?

Ọmọ Ẹbúté
Ewúrẹ́ méjì nínú àgbá! Ẹ̀rín pa mí débi pé bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá Agric, n ò mọ̀. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀ tí màá fi padà.

Àlàbá Sax
Tiyín ṣì dáa. Èmi ní alto sax méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ trumpet, mo sì da ìwé kan náà kọ fún gbogbo wọn, mo pín in bí ẹni pín ìrẹsì. Láti ọjọ́ náà, kí n tó mú orin kankan wá, màá kọ ọ́ sí pátákó: C fún trumpet àti clarinet, G fún alto, B-flat fún trombone. Ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ọmọ kan bá béèrè ìdí, màá ní kó lọ bi ẹni tó ṣe é.

Sájẹ́ńtì Tó Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Mo fi iṣẹ́ fèrè jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n máa yọjú sí àwọn ọmọ iléèwé kan lọ́nà Ìmọ̀tà. Mo débẹ̀, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì. Ó ti gba First Suite in E-flat ti Holst, òyìnbó kan tó ń kọ orin, sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó pín in. Orin gidi ni, n ò bá a jà. Báńdì àwọn ológun ni wọ́n kọ ọ́ fún ní 1909, àgbàlagbà tó ń gbowó oṣù nídìí fèrè. Tuba àti euphonium, àwọn fèrè ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, ló ń ṣí i, àwọn nìkan, jẹ́jẹ́, kó tó di pé àwọn yòókù ń gba orin náà lọ́wọ́ ara wọn. Tuba tí wọ́n ní níbẹ̀ ti lu nídìí, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi dí i. Ọmọ tó gbé e, mi ò rí orí rẹ̀. Tuba tó ní ẹsẹ̀ méjì ni mo rí.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, kí o tó wo ìwé orin, wo ètè. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, láti do dé la ti tó o. Àwọn orin ìjọ máa ń gòkè kọjá ibẹ̀ torí ohùn obìnrin ni wọ́n kọ apá òkè fún, obìnrin kì í sì í fi irin tẹ ètè kọrin. Tó o bá fún ọmọ ní orin tó ga, wò ó ní ẹsẹ kejì: á ti máa tẹ mouthpiece mọ́ ẹnu bí ẹni ń lẹ òǹtẹ̀, ohùn á máa tín-ín-rín, ọrùn á le. Tó bá gbé fèrè kúrò lẹ́nu, òrùka pupa ni wàá rí lójú ètè rẹ̀. Ọmọ yẹn ò ní wá ní Sátidé tó ń bọ̀, á ní inú ń run òun.

Ó gbọ́ ṣá. Ó kó Holst sínú àpótí. Ó lóun ń tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Màmá Táíwò
Ọmọ tèmi, trombone ló gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ò gùn dé ipò keje, ibi tó jìnnà jù tí wọ́n ń na slide dé, irin tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn yẹn, tíṣà wọn sì mú orin tó ní B-natural ìsàlẹ̀ wá, ipò keje náà ló sì wà. Ó na ọwọ́, ó na èjìká, ó na gbogbo ara, ló bá ju slide sílẹ̀. Slide yọ, ó yí gbirigbiri lábẹ́ àga, ó di ẹsẹ̀ alága ètò kó tó dúró. Alága gbé e sókè, ó ní “ta ló ni páìpù?”

Ìyá Ìlù Ẹ̀pẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, àmọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Báńdì ọmọdé wa ní Ẹ̀pẹ́ ò ju ọmọ mẹ́wàá lọ, n ò sì rí orin tó bá agbára wọn mu. Mo ní kí n fọwọ́ ara mi hun kékeré kan. Nóòtì mẹ́ta péré, do, re, mi, kó má baà rẹ ètè wọn. Trumpet á fọn mi-re-do-do, ìlù ńlá á dáhùn gbì-gbì, wọ́n á tún un fọn. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi í sí ìgbà tí wọ́n ń pe àwọn èèyàn jáde láti dáwó.

Wọ́n pe bàbá olóyè kan. Bàbá dìde, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ọmọ gbé e: mi re do do. Gbì-gbì. Mi re do do. Gbì-gbì. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bí bàbá ṣe ń sún mọ́ pẹpẹ ni ẹ̀rín ń ràn ká ìjọ. Mo rò pé orin mi ló dùn mọ́ wọn! Mo tún ń ju ọwọ́ sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n fọn ọ́n sókè sí i. Àṣé bàbá ṣèlérí owó páànù níbi ìkórè èṣí, kò sì tíì san án. Ẹ fi ẹnu yín pè é wò. Mi re do do. Ó jẹ gbèsè. Ó jẹ gbèsè. Gbì-gbì.

Bàbá yí padà láàárín ọ̀nà. Oṣù mẹ́rin ni kò fi kí mi. Ṣùgbọ́n ó san owó páànù.

Ọmọ Ẹbúté
Ó JẸ GBÈSÈ! GBÌ-GBÌ! Ìyá, èló lẹ máa gbà kí àwọn ọmọ yẹn wá fọn ọ́n lẹ́nu ọ̀nà ayálégbé mi kan ní Sábó?

Àlàbá Sax
Mo ti kà á fún gbogbo ilé. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin ló ń fi abọ́ lu gbì-gbì báyìí, kò jẹ́ ká sùn.

Olóhùn Kẹta
Ìtàn dídùn ni, àmọ́ n ò gbà á gbọ́. Trumpet ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mi re do do yẹn náà, “Ó ra bàtà” ni. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó gbọ́ bàtà?

Ìyá Ìlù Ẹ̀pẹ́
Torí kì í ṣe bàtà ni bàbá jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi.

Sájẹ́ńtì Tó Fẹ̀yìntì
Ìyá ti dá ọ lóhùn. Onídùndún náà, tó bá lu ohùn mẹ́rin, ogún ọ̀rọ̀ ló lè jẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó ń lọ nílùú ló ń mú ọ̀kan nínú rẹ̀.

Afọnfèrè Àgbádárìgì
Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n kọ́ nìyí, àmọ́ ẹ máa bínú sí mi. Bàbá Ekúndayọ̀ Phillips tó tẹ dùùrù fún ọdún gbọọrọ ní Kàtídírà tó wà ní Marina fẹ́ kí orin wa máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Akọrin ló ń bá wí, báńdì ọmọdé ni mo lò ó fún. Mo ti dín orin òyìnbó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bò kù. Orin wa gan-an ni mo ń fún wọn, àwọn tí ìyá wọn ń kọ nílé. Lọ́sẹ̀ kan, ọmọkùnrin kan tó ń fọn euphonium dá dúró láàárín orin, n ò sọ nǹkan kan. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ‘igbá’ ni mo fọn, ‘ìgbà’ ló yẹ kí n fọn.” Do-do ló wà níwèé, re-mi ló fọn. Ẹ ò rí nǹkan? Etí rẹ̀ ló bá a wí. Tó bá jẹ́ orin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, igbá lá máa fọn títí di Kérésì. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Kérésì ní Nàìjíríà, ní 1842, ẹ máa ṣọ́ra.

Ọmọ Ẹbúté
Ó ti dé pẹ̀lú 1842. Mo ti ń retí ẹ̀ látàárọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ gbé e wá kíákíá. Àwa náà ní Bobby Benson olórin, ọmọ Ìkòròdú ni, a ò pariwo.

Afọnfèrè Àgbádárìgì
1845. Ṣé inú ẹ dùn?

Olóhùn Kẹta
Gbogbo wàhálà yín, sólfà, do-re-mi yẹn, ló fà á. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní stáàfù, nóòtì orí ìlà márùn-ún, kí ẹ sinmi.

Àlàbá Sax
Sólfà ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó so do mọ́ ìka ló ṣẹ̀. Tíṣà á sọ fún ọmọ trumpet pé: do, má tẹ nǹkan kan, re, tẹ ìkíní àti ìkẹta, mi, tẹ ìkíní àti ìkejì. Ọmọ há a sórí. Ní ọjọ́ tí orin bá wá bẹ̀rẹ̀ láti G dípò C, do ṣì jẹ́ má-tẹ-nǹkan, àmọ́ re ti di ìkíní àti ìkejì, mi ti di ìkejì nìkan. Ọmọ ń tẹ ti àtijọ́, ó ń wo ojú rẹ, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Curwen tó tan sólfà ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akọrin ló ń rò. Akọrin ò ní bọ́tìnì lọ́fun.

Olóhùn Kẹta
Mo ní kí ẹ kọ́ wọn ní stáàfù, ẹ tún ń ṣàlàyé sólfà fún mi.

Sájẹ́ńtì Tó Fẹ̀yìntì
Kọ́ wọn ní méjèèjì. Ó parí.

Màmá Táíwò
Kò parí, bàbá. Ẹ rántí 2024 nígbà tí ìjọba yí orin orílẹ̀-èdè padà lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún? Àwọn ọmọ iléèwé wa ti ń fọn Arise, O Compatriots láti ọjọ́ tí wọ́n ti di fèrè mú. Wọ́n ní ká padà sí èyí tí a lò láti 1960 títí di 1978. Ọdún yẹn, wọn ò tíì bí tíṣà wọn, kò sì sí ìwé nílẹ̀. Màmá mi tó kọ ọ́ ní kékeré ni wọ́n wá gbé. Wọ́n fún un ní àga níwájú báńdì, ó ń kọ ọ́, àwọn ọmọ ń fi etí wá a lórí fèrè. Kò sí sólfà, kò sí stáàfù. Ó dé ìlà kẹta, ó dá gbogbo wọn dúró, ó nàka sí ọmọ tuba: “Ìwọ tí o ru ìkòkò yẹn, o ti ń sáré jù.” Òótọ́ ló sì sọ.

Ìyá Ìlù Ẹ̀pẹ́
Ẹ bá mi kí màmá o. Irú wọn ló yẹ kó máa di igi mú níwájú báńdì.

Ọmọ Ìmọ̀tà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mi há àárín. Bọ́tìnì trumpet wa le, adí àgbọn la fi ń pa á. Láàárọ̀ ọyẹ́ kì í gòkè mọ́.

Afọnfèrè Àgbádárìgì
Adí máa ń dì nínú òtútù, arákùnrin. Ọ̀dọ̀ wa ni àgbọn wà, a ò sì fi sínú trumpet. Fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí o ra valve oil, òróró tí wọ́n ṣe fún bọ́tìnì fèrè.

Tíṣà Ìgbógbò
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣeun. Ohun kan ṣẹ́kù tó ń dà mí láàmú: obìnrin ni gbogbo clarinet mi, ọmọ mẹ́rin. Tí wọ́n bá kéde Orò ní Ìkòròdú, wọn ò ní jáde lọ́jọ́ náà, orin tí clarinet ń gbé nìkan á sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Àlàbá Sax
Kọ apá wọn ní nóòtì kékeré sínú ìwé trumpet kìíní àti alto. Tí wọ́n bá wà, àwọn yẹn á dákẹ́. Tí wọn ò bá sí, wọ́n á gbé e. Èmi kì í mú orin tí ẹnì kan ṣoṣo gbé lọ́wọ́ fún ọmọdé mọ́, torí ọjọ́ ìkórè gan-an ni ibà máa ń mú ẹni náà.

Tíṣà Ìgbógbò
Mo gbọ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹ hun nóòtì mẹ́ta mìíràn fún wa. Èyí tí kò bú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìlù Ẹ̀pẹ́
Kò sí irú ẹ̀.

Olóhùn Kẹta
Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo mú fèrè ike ọmọ mi nírọ̀lẹ́ yìí, mo fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nínú pálọ̀: mi re do do. Ìyàwó mi kígbe láti ilé ìdáná pé ta ló ń pe èèyàn wá jẹ ẹ̀bà, àmàlà lòun rò.