Kí ni mo fi lè lẹ àfọ́kù táìsì mọ́ ògiri ìta tí òjò ò fi ní tú u?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọwọ́ táìsì. Èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ fi àfọ́kù táìsì ṣe àwòrán igi ńlá kan sára ògiri ìta ilé ìwé wa. Ọmọ 40 ni wọ́n, oníkálukú ló máa ní ewé tirẹ̀.

A dán ewé mẹ́ta wò. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń lẹ pákó ni mo lò. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, gọ́ọ̀mù di omi wàrà, ewé méjì já bọ́. Ọmọ tó ni ọ̀kan níbẹ̀ ṣì ń bá mi yan odì.

Ẹnì kan ní káwọn ọmọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọ̀n nínú kíláàsì, kí àgbà wá fi sìmẹ́ǹtì táìsì gbé e mọ́ ògiri. Ó wù mí, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan gun àkàbà. Gọ́ọ̀mù wo wá ni ti àwọ̀n? Ògiri náà lọ́dà lára, ṣé dandan ni ká ha á kúrò?

Etí àfọ́kù tún mú bí abẹ. Òkúta ìpọ́nbẹ ni mo fi ń pa á lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ti bó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà tó yá jùyẹn lọ wà?