Ọmọ kíláàsì mi bi mí pé ṣé mọ́mì òun ni Ọlọ́run jọ, ẹ bá mi dá sí i

Àǹtí Sọ́ńdè Sùkúù

Ẹ kú ojọ́mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sọ́ńdè tó kọjá. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní la wà, a ka ẹsẹ 27 pé Ọlọ́run dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀, akọ àti abo ló dá wọn, bí mo ṣe ń palẹ̀ ìwé mọ́ báyìí ni ọmọbìnrin kan tí ò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án nawọ́, ó ní "Àǹtí, tó bá jẹ́ pé àwòrán Ọlọ́run lèmi náà, ṣé mọ́mì mi ló jọ àbí dádì mi?" Mo kàn dúró. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo ní ká kọrin.

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ bá àgbà ìjọ kan pé kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí, ńṣe ló kanra mọ́ mi, ó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọmọ di kèfèrí, Baba ni Ọlọ́run, ó parí, àti pé èmi gan-an tí mo jẹ́ obìnrin, ká ní mo mọ̀wọ̀n ara mi ni, ọmọ ò ní bi mí nírú ẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo délé mo bẹ̀rẹ̀ sí wá a lórí fóònù, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá pọ̀ sí i: ẹnì kan ní obìnrin ni Ẹ̀mí Mímọ́, ẹlòmíì ní Ọlọ́run ní ìyàwó ní Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́, wọ́n kàn yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì ni, ẹlòmíì tún ń sọ Ṣẹkínà. Èwo ló wà nínú Bíbélì níbẹ̀, èwo ni wọ́n kàn ń sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ ọ́ bó ṣe wà, torí ọmọ yẹn á tún bi mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọmọ yẹn gbọ́n o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Mo kọ́ Hébérù fọ́dún mẹ́ta ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ níbí, mi ò di ọ̀jọ̀gbọ́n o, àmọ́ mo lè fúnra mi ka Jẹ́nẹ́sísì, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní tiwa, "ó ń bọ̀" la máa sọ, ọkùnrin ló ń bọ̀ ni o, obìnrin ni o. Hébérù ò rí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ọkùnrin ọ̀tọ̀, fún obìnrin ọ̀tọ̀. Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 1:2, ibi tí Bíbélì wa ti ní Ẹ̀mí Ọlọ́run ń ràbàbà lójú omi. Ruach ni ẹ̀mí, merachefet ni ràbàbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún obìnrin ni wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ́pọ̀ nínú Bíbélì rárá, òun náà la tún rí ní Diutarónómì 32:11, níbi tí ẹyẹ idì ti na apá sórí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ilẹ̀, ìyẹn eretz, tobìnrin ni lẹ́nu wọn, ìlú náà bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní ìlú lọ́mú. Ẹni tó bá ní torí èyí nìkan Ẹ̀mí Mímọ́ ti di obìnrin, ó ti sáré jù. Èyí tó dá mi lójú ni pé àwọn Kristẹni àtijọ́ tó ń sọ èdè Síríákì, tó bá Hébérù tan, ń pe Ẹ̀mí ní ìyá láìsí pé ó ṣe wọ́n bákan. Aphrahat, tó kọ̀wé ní Páṣíà láàárín ọdún 336 sí 345, sọ pé ọkùnrin tí ò tíì fẹ́yàwó, Ọlọ́run bàbá rẹ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ìyá rẹ̀ ló ń fẹ́ràn. Ìgbà tó dé Gíríìkì, pneuma ò ṣe takọ kò ṣe tabo, ìgbà tó dé Látìn, spiritus di takọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni rechem. Rechem ni ilé ọmọ nínú obìnrin. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni rachamim ti jáde, àánú nìyẹn, àánú tí wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ní sí wa. Ẹ ṣí Aísáyà 49:15, pé obìnrin ha lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀ bí, tí kì yóò fi ṣe ìyọ́nú sí ọmọ inú rẹ̀. Ìyọ́nú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ táwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún wa mú níbẹ̀. Inú tó yọ́ ni, inú kan náà tí ọmọ ń gbé. Ọjọ́ tí mo fi Hébérù àti Yorùbá síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo rí i, mo pa ìwé dé, mo pe ìyá mi lórí fóònù.

Dìákónì

Ẹ̀yin ará, ẹ rọra. Mi ò bínú sí ìbéèrè ọmọ yẹn, àgbà tó sì kanra mọ́ àǹtí ò ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kí Jésù kọ́ àwọn bí àwọn á ṣe máa gbàdúrà, Baba ló ní kí wọ́n pè é, Lúùkù 11. Pé Ọlọ́run ń ṣe bí ìyá, mo gbà, ó wà níbẹ̀. Pé ìyá ni, mi ò rí ìyẹn kà. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé látorí "ṣe bí" yìí lèèyàn ti ń bá ara rẹ̀ nídìí òrìṣà. Ìyàwó Ọlọ́run tí wọ́n ń sọ fún àǹtí yẹn, Áṣérà ni, òrìṣà obìnrin kan láyé àtijọ́, Jòsáyà ọba Júdà sì ti dáná sun ún.

Ìyá Olóyin

Dìákónì, ẹ ṣeun sà, ẹ̀yin lẹ mú ẹnu mi yá. Ẹ jẹ́ ká ka ibi tí Jòsáyà ti dáná sun ún yẹn, 2 Ọba 23 ẹsẹ 6. Ibo ló ti gbé e jáde? Inú ilé Olúwa, tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù gan-an. Ẹsẹ 7 sọ pé àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tó ń hun aṣọ fún un. Kí Jòsáyà tó dé, ó ti pẹ́ tí nǹkan yẹn ti wọlé. Àwọn tó ń walẹ̀ wá nǹkan àtijọ́ sì rí ìkòkò amọ̀ ńláńlá ní 1975 sí 1976 ní Kuntillet Ajrud, ní aṣálẹ̀ Sínáì, tí wọ́n kọ ìre sí lára pé kí Yahweh, ìyẹn Jèhófà, ti Samáríà àti Áṣérà rẹ̀ bù kún ọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òrìṣà obìnrin ni, àwọn kan ní igi tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ níbi ìjọsìn lásán ni. Àǹtí, ẹni tó ní wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì ló purọ́ fún yín. Ó wà níbẹ̀. A kì í kàn kà á ni, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James sì tún fi "igbó" pe Áṣérà, ta ló máa mọ̀?

Jeremáyà 44 lèmi máa ń padà sí. Ogun ti kó Jerúsálẹ́mù, àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ sí Íjíbítì, Jeremáyà ní ayaba ọ̀run tí wọ́n ń bọ ló fa gbogbo ẹ̀. Àwọn obìnrin ò dákẹ́. Wọ́n ní ìgbà táwọn ń sun tùràrí fún un, oúnjẹ ń bẹ, láti ìgbà táwọn sì ti ṣíwọ́ ni ebi àti idà ti ń pa àwọn, àti pé ṣé ẹ̀yìn ọkọ àwọn làwọn ń ṣe àkàrà yẹn ni? Torí orí 7:18 ti sọ ọ́ pé ọmọ ń ṣẹ́gi, bàbá ń dáná, ìyá ń po ìyẹ̀fun. Gbogbo ilé ni. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ bọ ayaba ọ̀run o, Jeremáyà ni mo gbà gbọ́. Àmọ́ ara máa ń ta mí fáwọn obìnrin yẹn, tí wọ́n kó ebi ọmọ wọn lọ síwájú ẹni tí wọ́n rò pé ó máa mọ̀ ọ́n lára.

Kí n tó gbàgbé, Dìákónì. Kí Jòsáyà tó dáná sun nǹkan kan, wọ́n rí ìwé òfin nínú tẹ́ńpìlì, ọba ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́dọ̀ Olúwa. Jeremáyà ti ń sọ tẹ́lẹ̀ nígbà yẹn o. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n lọ. Àlùfáà àgbà Hilkáyà àti ọkùnrin mẹ́rin ló gbéra lọ sílé Húlídà, wòlíì obìnrin, ìyàwó ẹni tó ń tọ́jú aṣọ, obìnrin yẹn ló sọ fún wọn pé "Báyìí ni Olúwa wí." Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin ló fi òǹtẹ̀ lu ìwé tí wọ́n torí ẹ̀ gbé Áṣérà jáde. Kí ẹni tó ń ní kí àǹtí mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ka ìyẹn.

Àǹtí Sọ́ńdè Sùkúù

Háà, Húlídà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọ́ ìwàásù kan lórí ẹ̀ rí. Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀gbọ́n London, Ṣẹkínà ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ò sí nínú Bíbélì, inú rẹ̀ ló ti wá: shakan, kéèyàn máa gbé ibì kan, Ẹ́kísódù 25:8, kí wọ́n kọ́ ibi mímọ́ fún mi kí n lè máa gbé àárín wọn. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin láàárín àwọn Júù, ló sọ ọ́ di orúkọ fún wíwà Ọlọ́run láàárín èèyàn rẹ̀, wọ́n ní nígbà tí wọ́n kó Ísírẹ́lì nígbèkùn, Ṣẹkínà bá wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwé Zohar, ìwé àwọn Júù tó ń wá ìjìnlẹ̀ àṣírí Ọlọ́run, jáde ní Sípéènì, ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, ibẹ̀ ni Ṣẹkínà ti wá di obìnrin pátápátá, aya ọba, ìyá.

Mo ti ṣe sẹkiúrítì rí níbi sínágọ́gù kan ní àríwá London. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé wọ́n á kọ orin kan, Lekha Dodi, Shlomo Alkabetz ló kọ ọ́ ní Safed ní nǹkan bí 1540, tó bá ku ẹsẹ kan, gbogbo wọn á yíjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tẹrí ba, "máa bọ̀, ìyàwó", ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń pè ní ìyàwó bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ó ń wọlé bọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni mo dúró sí. Ara mi máa ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n Àǹtí, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, òkè ni wọ́n wà, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó gba àwọn àdúrà kan, sínágọ́gù tèmi yẹn ò ka obìnrin kankan mọ́ ọn. Torí náà mi ò gbà pé tá a bá ti ń pe Ọlọ́run ní ìyá ọ̀rọ̀ obìnrin ti yanjú nìyẹn. Wọ́n ń tẹrí ba fún ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó tiwọn wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Offenbach ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi obìnrin jẹ rábì, Regina Jonas, ọmọ Berlin, 1935, Auschwitz, àgọ́ ikú àwọn Násì, ni wọ́n sì pa á sí ní 1944. Àwọn tó fi Baba nìkan pe Ọlọ́run náà wà tó jẹ́ kí obìnrin wàásù. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ bá wọn jà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Dìákónì

Ìyá Olóyin, mo lọ ka Húlídà. Mo ti ka orí yẹn rí àìmọye ìgbà, Jòsáyà nìkan ni mo ń rí. Lórí Baba, mi ò kúrò níbi tí mo wà. Àmọ́ Àǹtí, ẹ lè fi Mátíù 23:37 dá ọmọ yẹn lóhùn, Jésù ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò sí àgbà tó máa bá yín jà lórí ẹ̀.

Àǹtí Sọ́ńdè Sùkúù

Mo ti ṣí i sà. Àgbébọ̀ adìẹ tó ń ràdọ̀ bo àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ apá. Ìyá tó ń ta omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ, mo ti bẹ̀ ẹ́, màá kó gbogbo kíláàsì lọ wò ó lọ́jọ́ Sọ́ńdè.