Èèyàn 240 ni mo kọ ímeèlì sí, ẹni 3 péré ló dáhùn

adire_okebaale
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ni mò ń rẹ tí mo sì ń tà níbí, ní Òṣogbo. Lóṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, àlejò máa ń wọlé gan-an, ará Èkó, àwọn tó ti Brazil àti Amẹ́ríkà wá, wọ́n á ra aṣọ, wọ́n á yìn ín, wọ́n á lọ, ó tún di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ọdún tó kọjá ni mo wá gbé ìwé kan sórí tábìlì pé kẹ́ni tó bá fẹ́ máa gbọ́ nípa aṣọ tuntun kọ orúkọ àti ímeèlì ẹ̀ sílẹ̀, èèyàn 240 ló kọ ọ́, inú mi dùn débi pé abẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń fi ìwé yẹn sí sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi odindi òru kan tẹ gbogbo ẹ̀ sórí fóònù, mo to àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo wọn síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, mo kọ ọ́ sókè pé ỌJÀ TUNTUN TI DÉ Ẹ TÈTÈ RÀ, mo kó fọ́tò 14 sí i, mo fi ránṣẹ́ látorí Gmail mi. Ẹni 3 ló dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn bínú gidi, ó ní kí ló dé tí mo fi ímeèlì òun han èèyàn tí òun ò mọ̀ rí. Bíi 30 ló padà wá pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí o, iṣẹ́ ìyá mi ni mò ń ṣe, mi ò fẹ́ kó jẹ́ oṣù kẹjọ nìkan ni màá máa rí jẹ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí ò dáa?

komputa_olaiya
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹni tó bínú yẹn ò jẹ̀bi o, torí gbogbo wọn ló rí àdírẹ́ẹ̀sì ara wọn. Ibi tí wọ́n kọ BCC sí ló yẹ kẹ́ ẹ kó wọn sí, ẹnì kan ò ní rí ẹnì kejì. Òfin tiẹ̀ ti wà fún un ní Nàìjíríà láti 2023, ohun téèyàn bá sọ fún yín nípa ara ẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ tú u síta. Ohun tẹ́ ẹ ṣe tó dáa ni pé àwọn fúnra wọn ló kọ orúkọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta lísìtì fún yín láé.

30 tó padà wá yẹn, ẹ yọ wọ́n kúrò kíákíá. Tí èyí tí ò sí bá ti ń pọ̀, Gmail á máa rò pé ṣe lẹ kó àdírẹ́ẹ̀sì jọ láìmọ ẹni tó ni ín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti lẹ́tà yín sínú spam, ìyẹn ibi tí wọ́n ń da lẹ́tà tí wọn ò fọkàn tán sí, kódà tàwọn tó fẹ́ràn yín. Gmail ọ̀fẹ́ náà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ju èèyàn 500 lọ lójúmọ́.

Tí apá yín bá ká a, ẹ ra orúkọ tiyín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú .com.ng yẹn, kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ látorí Brevo tàbí Mailchimp, àwọn tó ń báni fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi SPF àti DKIM sí i. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ yẹn. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́ tí ọba bá rán èèyàn níṣẹ́, á fún un ní ọ̀pá àṣẹ tàbí àrokò kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló rán an lóòótọ́, iṣẹ́ tí méjèèjì ń ṣe nìyẹn. Láti oṣù kejì 2024 ni Gmail àti Yahoo ti le mọ́ ọn, ẹni tó bá ń fi ímeèlì tó pọ̀ gan-an ránṣẹ́ (5,000 lóòjọ́ ni Gmail kà á sí) tí ò ní in, wọ́n lè dá a padà. Ẹ ò tíì dé bẹ̀ o, àmọ́ ẹ tètè ṣe é. Kẹ́ ẹ sì fi lìǹkì sísàlẹ̀ tẹ́ni tí ò bá fẹ́ mọ́ lè tẹ̀ kó kúrò. Kó kúrò wẹ́rẹ́ sàn ju kó tẹ spam lọ.

bro_dauda
Ẹ má bínú o, ará Òṣogbo wo ló ń ka ímeèlì? Ẹ dá WhatsApp broadcast sílẹ̀ jàre.

iya_ose_igbona
Bọ̀dá Dauda, broadcast yẹn, ẹni tó bá ti sefú nọ́ńbà yín nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Àlejò tó wá fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣó máa sefú nọ́ńbà aládìrẹ ni? Àwọn oníbàárà àdúgbò, WhatsApp ni tiwọn, mo gbà. Àwọn tó ti lọ sílé wọn ni ímeèlì wà fún.

Àǹtí, ọṣẹ dúdú ni mò ń tà, èèyàn bíi 90 ni mò ń kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ohun tí mo rí ni pé ìpolówó ni ìlà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ sì mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń polówó. Ẹni tó ń ta àgbàdo ò kí ń pariwo pé ẹ tètè rà. "Láńgbé jíná o, ọ̀rọ̀kú orí ebè" ló ń wí, itọ́ á ti máa dà lẹ́nu yín kẹ́ ẹ tó rí igbá. Fọ́tò 14 pọ̀ jù, ẹ̀ ń jẹ dátà wọn lásán. Ẹ mú aṣọ kan ṣoṣo, ká ní Ìbàdàn dùn, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé òpó Mápó ni wọ́n ń wò nínú ẹ̀, pé ìyẹ́ adìyẹ lẹ fi ya ẹ̀kọ láfún sí i kó tó wọ ìkòkò aró. Ẹ kí wọn lórúkọ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kí wọ́n lè rí nǹkan fèsì sí.

adire_okebaale
Ẹ ṣé gan-an o, Olúwa á gbọ́ tiyín náà. Mo padà sídìí ìwé yẹn lánàá, ojú tì mí. Ọwọ́ aró ni mo fi ń ṣí i nígbà ọdún, ìka mi ti lẹ̀ mọ́ orí lẹ́tà, a àti o ò yàtọ̀ síra mọ́, mo wá ń méfò. Nínú 30 tó padà wá yẹn, mo ti tún 11 ṣe, mo yọ ìyókù.

Èmi àti ọmọ mi jọ kọ tuntun. Ìbàdàn dùn náà la mú, fọ́tò 1, a kọ ọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ká lè fi orúkọ kí wọn, kẹ́nì kan má sì rí ẹnì kejì, mo tọrọ àforíjì níbẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni 40 tó ra irú aṣọ yẹn nìkan la kọ ọ́ sí. Ẹni 9 ti dáhùn láàárọ̀ yìí! Ẹni tó bínú wà nínú wọn, ó ní kò burú, òun ti gbàgbé ẹ̀, ó wá ń bi mí pé ṣé aró ẹ̀ ò ní ṣí tóun bá fọ̀ ọ́. Mẹ́rin míì ló béèrè ohun kan náà. Bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ ni mo máa fi kọ èyí tó ń bọ̀.